Láti Inú Ewé Dé Inú Àgbá: Kòkòrò Àìfojúrí àti Èròjà Inú Ewéko

Ewéko kò lè sá fún kòkòrò tí ó ń jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ṣí kúrò lójú kan bí ọ̀dá bá dé, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń pèsè oríṣiríṣi èròjà sínú ewé, èèpo, gbòǹgbò àti èso wọn láti fi dáàbò bo ara wọn. Àwọn kan nínú èròjà wọ̀nyí korò, àwọn kan ń ta sánsán, àwọn kan sì jẹ́ májèlé fún ẹran tí ó bá jẹ wọ́n. Nínú wọn náà sì ni ọmọ aráyé ti rí ohun tí wọ́n fi ń wo àrùn, tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró, tí wọ́n sì fi ń mú oúnjẹ dùn. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ewéko kì í pèsè wọn nítorí ènìyàn. Ìwọ̀nba tí ó tó fún ìlò ara rẹ̀ ni ó máa ń ṣe, èyí sì lè kéré débi pé a ó kórè odidi oko kí a tó rí oògùn díẹ̀ fà yọ nínú rẹ̀.

Láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń tọ ọ̀nà mìíràn, èyí tí í ṣe pé kí wọ́n wá àwọn jíìnì tí ewéko fi ń ṣe èròjà náà rí, kí wọ́n gbé wọn sínú kòkòrò àìfojúrí, kí wọ́n sì máa bọ́ kòkòrò náà ní ṣúgà nínú àgbá títí tí yóò fi ṣe ohun tí ewé ń ṣe. Ọ̀nà yìí ni àròkọ yìí dá lé lórí. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ìmọ̀ tí a fi ń ṣe é ti dàgbà, ó sì yẹ fún ìyìn, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú àgbá kọ́ ni ó ń pinnu ẹni tí yóò jàǹfààní rẹ̀. Owó ọjà àti ẹ̀tọ́ àwọn tí ó ni ewé ni ó ń pinnu ìyẹn.

Kòkòrò àìfojúrí ni ẹ̀dá oníyè tí ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, àfi pẹ̀lú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ wọ́n mọ àrùn, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n ń mú ògì kan, tí wọ́n ń sọ èso igi igbá tí a sè di irú, tí wọ́n sì ń mú ẹmu àárọ̀ le kí ilẹ̀ tó ṣú. Méjì nínú wọn ni iṣẹ́ yìí gbára lé jù lọ: bakitéríà kan tí ó ń gbé inú ìfun, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Escherichia coli, àti ìwúkàrà, èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń pè ní yíìsì. Nínú sẹ́ẹ̀lì wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko àti ti ènìyàn, ni jíìnì wà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀dá jogún, tí ó ń sọ irú pùròtéènì tí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe. Àwọn pùròtéènì kan ni à ń pè ní ẹ́nsáìmù. Iṣẹ́ wọn ni láti yí èròjà kan padà sí òmíràn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a sì ṣe ìyípadà tirẹ̀, a fi iṣẹ́ lé èyí tí ó tẹ̀lé e lọ́wọ́. Nítorí pé ìlànà kan náà ni gbogbo ẹ̀dá oníyè fi ń ka jíìnì, jíìnì tí a rí lára ewé lè ṣiṣẹ́ nínú ìwúkàrà, bí a bá gbé e síbẹ̀ lọ́nà tí ó tọ́.

Ìnsúlínì ni ó kọ́kọ́ fi hàn pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè di oògùn. Ní 1978 ni àwọn onímọ̀ ní Kalifọ́níà mú kí bakitéríà ṣe ìnsúlínì irú ti ènìyàn, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí títa rẹ̀ ní 1982 fún àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n ìnsúlínì fúnra rẹ̀ jẹ́ pùròtéènì, nítorí náà, bí a bá ti ní àkọsílẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọ̀pọ̀ oògùn inú ewé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ṣe pùròtéènì, kò sì sí jíìnì kan ṣoṣo tí ó ń ṣe wọ́n. Ẹ́nsáìmù márùn-ún, mẹ́wàá, tàbí ọgbọ̀n ni ó ń tò tẹ̀lé ara wọn kí èròjà náà tó jáde, bí ọ̀kan bá sì kọṣẹ́ nínú wọn, gbogbo ìtò náà dúró nìyẹn.

Àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù lọ ni ti artemisinin, èròjà tí ìtọ́jú ibà òde òní gbára lé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2022, ibà mú ènìyàn ní ìgbà mílíọ̀nù 249 káàkiri ayé, àwọn tí ó kú sì tó 608,000. Ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún àìsàn náà àti ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ikú náà ni ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà nìkan, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kú. Ọ̀rọ̀ nípa artemisinin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn fún òǹkàwé Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Ṣáínà ni ewé náà ti wá.

Ewéko náà ní ewé tí ó ya wẹ́wẹ́, tí ó sì ń ta sánsán bí a bá fọwọ́ rún un. Qinghao ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é, orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì sì ni Artemisia annua. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, nígbà tí ogun Vietnam ń gbóná, tí ibà sì ń da àwọn ọmọ ogun dùbúlẹ̀ nínú igbó, ìjọba Ṣáínà dá iṣẹ́ ìwádìí àṣírí kan sílẹ̀, tí wọ́n fi déètì ọjọ́ náà sọ lórúkọ, tí wọ́n ń pè é ní Iṣẹ́ 523. Tu Youyou, obìnrin onímọ̀ oògùn kan ní Beijing, dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1969, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn ìwé ìṣègùn àtijọ́ wò, tí wọ́n ń dán ewé kan tẹ̀lé òmíràn wò lára eku tí ó ní ibà. Qinghao ṣiṣẹ́ nígbà kan, ó kọ̀ nígbà mìíràn. Ìwé kan tí Ge Hong kọ ní nǹkan bí ọdún 340 ni ó la Tu Youyou lójú, nítorí pé ìlànà inú rẹ̀ kò ní kí a se ewé náà rárá. Ó ní kí a rẹ ẹ́ sínú omi, kí a fún un, kí a sì mu oje rẹ̀. Obìnrin náà wòye pé bóyá ooru iná ni ó ń ba èròjà náà jẹ́. Ó wá fi éétà fa oje ewé náà yọ, ìyẹn ohun olómi kan tí ó máa ń hó ní ìwọ̀n ooru 35, èyí tí kò tó ooru ara ènìyàn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1971, oje tí wọ́n kọ nọ́ńbà 191 sí lára pa gbogbo kòkòrò ibà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku tí wọ́n fi dán an wò. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Tu Youyou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ́kọ́ gbé oje náà mì fúnra wọn láti mọ̀ bóyá yóò pa ènìyàn lára, kí wọ́n tó fún àwọn aláìsàn ní erékùṣù Hainan. Ní 2015 ni wọ́n sì fún un ní ìpín nínú Ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn.

Àwọn alágbo ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àgbo tí a sè àti èyí tí a rẹ sínú omi tútù tàbí omi ògì. Ẹni tí ó bá ka irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àṣà lásán kò ṣe dáadáa, nítorí pé irú rẹ̀ gan-an ni ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún oògùn tí ó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn là.

Ohun tí ó mú artemisinin yàtọ̀ ni ọ́síjìn méjì tí ó so mọ́ ara wọn nínú rẹ̀. Kòkòrò ibà ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń jẹ èròjà onírin tí ó wà níbẹ̀. Irin tí ó ń tú sílẹ̀ bí ó ti ń jẹun ni ó ń já ìso ọ́síjìn méjì náà, tí artemisinin yóò fi di ohun tí ń ba pùròtéènì kòkòrò náà jẹ́ kiri. Bí a bá fi awò wo ewé qinghao, a ó rí irun wínníwínní tí orí wọn wú rọ̀bọ̀tọ̀, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì bò lórí; abẹ́ awọ fẹ́lẹ́ yìí ni èròjà náà ń kó jọ sí, kò sí ibòmíràn lára ewéko náà tí ó ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ nínú ewé gbígbẹ sábà máa ń wà láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún àti ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó bá fẹ́ kìlógírámù kan artemisinin gbọ́dọ̀ ní ọgọ́rùn-ún kìlógírámù ewé gbígbẹ ní ọwọ́, ó kéré tán. Oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ ni yóò sì lò nínú oko kí ó tó tó kórè.

Kò sí ẹni tí ìṣirò yìí ká lára púpọ̀ nígbà tí chloroquine, tí àwọn àgbàlagbà kò lè gbàgbé nítorí kíkorò rẹ̀ àti yíyún tí ó máa ń mú bá ara, ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí kòkòrò ibà di aláìgbọràn sí i, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn ní 2001 pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo artemisinin pẹ̀lú oògùn mìíràn tí a pò mọ́ ọn, ìjọba Nàìjíríà sì yí ìlànà tirẹ̀ padà bẹ́ẹ̀ ní 2005. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo ayé ń wá ewé kan ṣoṣo kiri. Ní 2005, owó kìlógírámù kan artemisinin lọ sókè ju 1,000 dọ́là lọ. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Ṣáínà, Vietnam àti ìlà-oòrùn Áfíríkà rí i, wọ́n gbìn ín, nígbà tí ó sì di 2007, ọjà ti kún, owó rẹ̀ ti já wálẹ̀ sí abẹ́ 200 dọ́là. Àwọn àgbẹ̀ tí ó pàdánù fà sẹ́yìn, ewé sì tún wọ́n. Nígbà tí ó di 2011, owó náà ti tún sún mọ́ 900 dọ́là. Lílọ sókè-sódò owó yìí ń ṣe àgbẹ̀ lọ́ṣẹ́, ó sì ń ṣe aláìsàn lọ́ṣẹ́, nítorí pé ilé tí ń ṣe oògùn kò lè mọ iye tí yóò ta á láti ọdún kan dé òmíràn.

Ibi yìí ni Jay Keasling, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley, wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní 2003, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kéde pé àwọn ti mú kí Escherichia coli ṣe amorphadiene, èyí tí í ṣe ìpele àkọ́kọ́ tí qinghao ń gbà lọ sí artemisinin. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, àjọ ìrànlọ́wọ́ Bill àti Melinda Gates gbé mílíọ̀nù 42.6 dọ́là kalẹ̀ fún iṣẹ́ náà, kí yunifásítì náà, iléeṣẹ́ tuntun kan tí ń jẹ́ Amyris, àti àjọ kan tí ń ṣe oògùn láìwá èrè jọ pín in ṣe, wọ́n sì ṣe àdéhùn pé wọn kò ní gba owó ẹ̀tọ́ lórí oògùn ibà tí yóò ti ibẹ̀ jáde.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá yẹ kí a wò ó fínnífínní. Sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà tí ó jẹ ṣúgà máa ń fọ́ ọ sí èròjà kékeré tí ó ní kábọ́nù méjì, a sì máa so àwọn wọ̀nyí pọ̀ ní ìpele-ìpele títí tí yóò fi ní èyí tí ó ní kábọ́nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ farnesyl pyrophosphate, tí àwọn onímọ̀ ń gé kúrú sí FPP. Oríta ni FPP. Ìwúkàrà ń ti ibẹ̀ lọ ṣe ọ̀rá tí ó fi ń mọ awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Qinghao ń ti ibẹ̀ lọ ṣe artemisinin. Ohun tí àwọn onímọ̀ náà ṣe ni pé wọ́n mú kí àwọn ẹ́nsáìmù tí ń gbé ṣúgà dé oríta náà pọ̀ sí i, wọ́n sì dín ọ̀nà ọ̀rá kù, ṣùgbọ́n wọn kò dí i pa, nítorí pé ìwúkàrà tí kò bá rí ọ̀rá fi mọ awọ ara rẹ̀ yóò kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé jíìnì qinghao síbẹ̀ láti darí FPP tí ó ti kún sílẹ̀ gba ọ̀nà ti ewé. Àwọn tí ó ń rò pé gbígbé jíìnì sínú kòkòrò ni gbogbo iṣẹ́ náà kò tíì rí ìdajì rẹ̀. Èyí tí ó ṣòro jù ni láti mú kí ẹ̀dá kan tí ó ní ìgbésí ayé tirẹ̀ gbà láti ná èyí tí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀ sórí ohun tí kò wúlò fún un, kó má sì kú.

Bakitéríà kò lè bá wọn dé òpin. Ẹ́nsáìmù tí ń fi ọ́síjìn kún amorphadiene máa ń jókòó sára awọ kan tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ìwúkàrà ní irú awọ bẹ́ẹ̀, bakitéríà kò ní in. Wọ́n kó iṣẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ ìwúkàrà, ní 2006 wọ́n sì kéde pé lítà kan omi inú àgbá ń mú nǹkan bí mìlígíráàmù 100 artemisinic acid wá, ìyẹn èròjà tí ó kù díẹ̀ kó di artemisinin. Ó kéré púpọ̀. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ń kú nínú àgbá bí ẹ́nsáìmù ewé náà ti ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, ojútùú rẹ̀ sì wá láti inú ewé padà: àwọn onímọ̀ ewéko ní Saskatoon, ní Kánádà, tí wọ́n ń yẹ irun orí ewé qinghao wò, rí àwọn ẹ́nsáìmù mìíràn tí ewéko náà fi ń parí ìpele wọ̀nyẹn wẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n kún èyí tí ó wà nínú ìwúkàrà, àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 fi hàn pé lítà kan ti ń mú gíráàmù 25 wá, ìlọ́po 250 ohun tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìwúkàrà náà ń tú acid náà síta ara rẹ̀, ó sì pọ̀ débi pé ó ń dì bí iyọ̀ funfun nínú omi àgbá. Wọ́n wá ń da irú òróró kan lé omi náà lórí kí ó lè máa gbà á sára, kí ó rọrùn láti kó.

Ìwúkàrà kò ṣe ìpele tí ó kẹ́yìn. Láti so ọ́síjìn méjì wọ̀nyẹn mọ́ ara wọn, àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ni ó ń gba acid náà, tí wọ́n ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i nínú atẹ́gùn ọ́síjìn títí tí yóò fi di artemisinin. Iléeṣẹ́ Sanofi ti ilẹ̀ Faransé ni ó gbé ìyẹn ṣe ní Garessio, ìlú kékeré kan ní àríwá Ítálì. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2013, iléeṣẹ́ náà sì kéde pé àwọn lè ṣe 50 sí 60 tọ́ọ̀nù lọ́dọọdún, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ayé ń lò nígbà náà, pé àwọn yóò sì tà á ní 350 sí 400 dọ́là lórí kìlógírámù kan, láìjẹ èrè, láìpàdánù.

Ọjà kò dúró dè wọ́n. Láàárín ọdún tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, àwọn àgbẹ̀ ti tún gbìn, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì York ní Ìlú Ọba ti ya àwòrán jíìnì qinghao jáde ní 2010 kí wọ́n lè bí irúgbìn tí ó ní artemisinin púpọ̀ lára, owó ti ewé sì ti já sí abẹ́ 250 dọ́là. Ta ni yóò ra ti àgbá ní 350? Ní 2015, Garessio kò ṣe artemisinin kankan láti ara ìwúkàrà. Sanofi ta ibẹ̀ fún Huvepharma ti ilẹ̀ Bọ̀gáríà.

Àwọn kan ti sọ pé ìjákulẹ̀ ni èyí, àwọn mìíràn tí wọ́n ti ń bẹ̀rù fún àwọn àgbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sì yọ̀. Èrò méjèèjì kò kún tó. Ìwúkàrà tí ó lè ṣe gíráàmù 25 nínú lítà kan kò tíì kú, ó wà nínú fíríìsà, bí ewé bá sì tún wọ́n gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́n ní 2005, ẹni tí ó ní àgbá lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tí àgbẹ̀ ní láti dúró de òjò. Àǹfààní rẹ̀ gidi nìyẹn: pé kí owó oògùn má lè fò kọjá àlà kan mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ṣètò bí a ó ṣe máa sanwó fún àgbá tí ó dúró láìṣiṣẹ́, àwọn tí ó náwó sórí ìwádìí náà kò sì mú àwọn àgbẹ̀ wọ inú ìjíròrò wọn tó. Ohun tí ó fa ìwọ́n ewé kì í ṣe àìtó ilẹ̀ tàbí àìtó ìmọ̀. Àìsí ẹni tí ó ń bá àgbẹ̀ ṣe àdéhùn owó ṣáájú gbígbìn ni, àgbá kò sì lè wo àìsàn yẹn.

Ìmọ̀ tí wọ́n kó jọ kò ṣòfò. Ní Brotas, ní ìpínlẹ̀ São Paulo ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, Amyris lo oríta FPP kan náà láti mú kí ìwúkàrà tí ń jẹ omi ìrèké ṣe farnesene, èyí tí wọ́n sọ di òróró ìpara tí ó jẹ́ pé inú ẹ̀dọ̀ ẹja ekurá ni wọ́n ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Ní 2015, Christina Smolke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford fi ẹ́nsáìmù tí ó lé ní ogún, tí wọ́n kó láti ara ewéko, bakitéríà àti eku, mú kí ìwúkàrà ṣe oògùn apàrora irú ti òdòdó opium, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ó jáde kéré débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà ni yóò lọ sí ìwọ̀n tí aláìsàn kan yóò lò lẹ́ẹ̀kan. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Dẹ́ńmáàkì àti Berkeley kéde ti vinblastine, oògùn jẹjẹrẹ tí ó ń wá láti ara òdòdó kékeré ilẹ̀ Madagásíkà. Ó gbà wọ́n ní ọgbọ̀n ìpele, pẹ̀lú jíìnì ewéko 34.

Èyí tí ó súnmọ́ ilé jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ewé eéran. Ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, èso rẹ̀ ni àwọn ọmọ tí ó bá tẹ̀lé ìyá wọn lọ já ewé mọ̀. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni èso náà máa ń so sí, lábẹ́ ewé gbígbẹ, ó ní igun mẹ́ta, ó sì ń pupa bí ó bá pọ́n. Bí a bá là á, kóró dúdú líle ni a ó bá, pẹ̀lú nǹkan yọ̀ọ̀ tí ó bò ó, àti awẹ́ rírọ̀ kékeré kan tí ó dé orí kóró náà. Awẹ́ yìí ni adùn rẹ̀ wà, kì í sì í tètè kúrò lẹ́nu. W. F. Daniell, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ wọ inú orúkọ sáyẹ́ǹsì ewé náà, Thaumatococcus daniellii, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1855. Ní 1972 ni àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ Unilever ní Nẹ́dálándì yọ ohun tí ń mú un dùn jáde: pùròtéènì ni, wọ́n pè é ní thaumatin, adùn rẹ̀ sì ju ti ṣúgà lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún méjì ó kéré tán. Iléeṣẹ́ Tate & Lyle sọ ọ́ di ọjà lábẹ́ orúkọ Talin, láti ara èso tí wọ́n ń rà nínú igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ní 1982, àwọn onímọ̀ Unilever kan náà gbé jíìnì thaumatin sínú bakitéríà. Ẹni tí ó bá rántí ìnsúlínì yóò rò pé ó yẹ kí èyí rọrùn, nítorí pé jíìnì kan ṣoṣo ni. Kò rọrùn rárá. Ẹ̀wọ̀n amino acid 207 ni thaumatin, ìso mẹ́jọ ni ó sì mú ẹ̀wọ̀n náà ká jọ sí ìrísí kan pàtó. Ahọ́n kì í mọ adùn rẹ̀ àfi bí ó bá ká dáadáa, inú sẹ́ẹ̀lì bakitéríà kò sì dára fún irú ìso bẹ́ẹ̀. Ìwúkàrà ń ṣe é dáadáa jù ú lọ, nítorí náà ni iṣẹ́ ti ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Iléeṣẹ́ Oobli ní Kalifọ́níà ti ń fi ìwúkàrà ṣe brazzein, pùròtéènì aládùn mìíràn tí ó wá láti ara èso inú igbó Gàbọ́nù àti Kamẹrúùnù, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ ní Amẹ́ríkà sì sọ ní 2024 pé òun kò ní àtakò sí lílò rẹ̀. Àgbáyun náà kò gbẹ́yìn: láti 1968 ni àwọn onímọ̀ ti yọ pùròtéènì inú rẹ̀ tí ń sọ ohun kíkan di dídùn lẹ́nu, wọ́n sì ti ń gbìyànjú láti fi kòkòrò àìfojúrí ṣe òun náà.

Nígbà tí èso fúnra rẹ̀ jẹ́ ọjà, ẹni tí ó bá lọ sínú igbó já a yóò rí owó díẹ̀ gbà. Bí ìwúkàrà bá ti ń ṣe é ní Kalifọ́níà, owó yẹn ti dúró. Ìlànà Nagoya, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 2010, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, sọ pé ẹni tí ó bá mú ewéko láti orílẹ̀-èdè kan gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kó sì pín èrè rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó nílò ewé mọ́. Àkọsílẹ̀ jíìnì thaumatin wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, iléeṣẹ́ tí ó bá sì fẹ́ ẹ lè ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tò ó jáde láìjẹ́ pé ewé eéran kan ṣoṣo kọjá ẹnu ibodè. Èyí kò tọ́. Adùn náà kò ti inú ẹ̀rọ wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe yàrá ìwádìí ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé ó dùn.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ní ìlú Cali ní Kòlóḿbíà, àwọn orílẹ̀-èdè gbà láti dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí gan-an, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kejì ọdún 2025. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá tí ń jẹun lára àkọsílẹ̀ jíìnì ni wọ́n ní kó máa fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn, tàbí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún owó tí ó wọlé fún wọn, ṣọwọ́ síbẹ̀, ó kéré tán ìdajì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀ àti àwọn ará ìgbèríko tí ó ti ń tọ́jú ewéko wọ̀nyí. Kò sí ìjìyà fún iléeṣẹ́ tí kò bá san. Síbẹ̀ náà, ìlànà àpò yìí bá ewé eéran mu ju ti Nagoya lọ, nítorí pé ewé náà ń hù láti Sàró títí dé Kóńgò, kò sí orílẹ̀-èdè kan tí ó lè ní òun nìkan ni ó ni ín. Ó ń hù ní ìhà méjèèjì ibodè tí ó la ilẹ̀ Yorùbá láàárín.

Iṣẹ́ tí ó kù sọ́wọ́ àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá kò nílò àgbá ńlá tàbí mílíọ̀nù dọ́là láti bẹ̀rẹ̀. Ewé tí àwọn lẹ́kulẹ́ja ń tà lójoojúmọ́, orúwo, awọpa àti àwọn mìíràn tí a fi ń ṣe àgbo ibà, yẹ kí wọ́n ka jíìnì wọn nílé, kí wọ́n tó fi àkọsílẹ̀ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n ti já a, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, àti ìlú tí ó fi ìlò rẹ̀ hàn wọ́n mọ́ ọn lára, kí iléeṣẹ́ tí yóò bá fi í ṣe oògùn lọ́jọ́ iwájú má lè sọ pé òun kò mọ ẹni tí òun yóò sanwó fún.